Henrietta Lacks (1920–1951): Obìnrin Tí Sẹ́ẹ̀lì HeLa Ti Ara Rẹ̀ Wá

Ìfáárà

Henrietta Lacks jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1920 ni a bí i, ọdún 1951 ni ó sì kú, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 31 péré. Iṣẹ́ oko tábà ni ó ṣe dàgbà. Ó di ìyàwó ilé, ó sì di ìyá ọmọ márùn-ún. Kò kọ ìwé, kò di ipò kankan mú láwùjọ, kò sì ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rí. Síbẹ̀, bí a bá wọ yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ lórí àrùn jẹjẹrẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí fáírọ́ọ̀sì ní ibi púpọ̀ lágbàáyé, a ó bá ohun kan tí ó ti ara rẹ̀ wá níbẹ̀, tí ó ṣì wà láàyè. Ohun náà ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní HeLa. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú Henrietta àti lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú Lacks ni wọ́n so pọ̀ di orúkọ yìí.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ tí ó ní ẹ̀mí nínú ara ohun alààyè. Nígbà tí a bá mú sẹ́ẹ̀lì jáde kúrò nínú ara ènìyàn tàbí ẹranko, tí a ń bọ́ ọ nínú ìgò, tí ó sì ń bí irú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ìran sẹ́ẹ̀lì ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Irú ìran sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí máa ń yàn láti fi ṣe iṣẹ́ wọn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtàn Henrietta Lacks fi yé wa pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì: ẹni tí ó bá fẹ́ yàn án ní láti kọ́kọ́ wo ilé tí ó ti wá.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1920 ni a bí i ní ìlú Roanoke ní ìpínlẹ̀ Virginia. Loretta Pleasant ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ó ṣe di Henrietta kò hàn nínú àkọsílẹ̀ kankan. Johnny Pleasant ni bàbá rẹ̀, Eliza sì ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1924, ìyá yìí kú lórí ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ kẹwàá. Bàbá nìkan kò lè tọ́ gbogbo ọmọ náà. Ó kó wọn lọ sí Clover, ìlú kékeré kan ní Virginia tí àwọn ẹbí rẹ̀ wà, ó sì pín wọn fún àwọn ìbátan. Ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀, Tommy Lacks, ni Henrietta bọ́ sí.

Ilé onígi ni wọ́n ń gbé, inú ilé náà sì ni àwọn ẹrú ti gbé rí ní ìgbà tí òwò ẹrú ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ oko tábà ni iṣẹ́ gbogbo ilé. Àwọn ọmọdé pàápàá ń jí lọ sí oko, wọ́n ń bọ́ ẹran, wọ́n sì ń bá àwọn àgbà já ewé tábà. Nínú ilé yìí kan náà ni David Lacks, ọmọ ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Day, ti ń dàgbà. Àwọn méjèèjì ni wọn yóò wá fẹ́ ara wọn nígbẹ̀yìn.

Ìgbéyàwó àti ìṣípòpadà

Henrietta bí àkọ́bí rẹ̀, Lawrence, ní ọdún 1935. Ní ọdún 1939 ni ó bí Elsie, ọmọbìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1941 ni òun àti Day ṣe ìgbéyàwó. Láàrin ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi oko sílẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ti mú kí irin wọ́n, ilé-iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Sparrows Point nítòsí Baltimore sì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Turner Station, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni tọkọtaya náà fi ṣe ibùgbé.

Ọmọ mẹ́ta mìíràn ni Henrietta bí níbẹ̀: David ní ọdún 1947, Deborah ní ọdún 1949, àti Joseph ní ìparí ọdún 1950. Àìsàn Elsie sì ń le sí i débi pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Crownsville, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1955.

Àìsàn tí ó pa á

Nígbà tí ó bí Joseph tán, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ́nà tí kò bá ìṣẹ̀dá mu, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kókó líle kan nísàlẹ̀ ikùn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1951, ó lọ sí ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Ilé-ìwòsàn yìí wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ń gba aláwọ̀ dúdú tí kò lówó, ṣùgbọ́n yàrá tiwọn wà lọ́tọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìyàsọ́tọ̀ ìgbà náà. Dókítà Howard Jones ni ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn jẹjẹrẹ ti mú un ní ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ.

Ní oṣù kejì ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ráídíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò nígbà náà. Wọ́n máa ń fi í sínú ọ̀pá dígí kékeré, wọn a sì rán an mọ́ ojú ibi tí àrùn wà. Kí wọ́n tó ṣe èyí, nígbà tí Henrietta sùn lọ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, dókítà gé ẹran tíntín méjì lára rẹ̀, ọ̀kan láti ibi tí ara dá, èkejì láti ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ìwádìí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Kò sí lára ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ béèrè. Wọn kò bi í léèrè, wọn kò sì sọ fún un lẹ́yìn náà. Kò sí òfin nígbà náà tí ó pọn dandan fún dókítà láti gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Yàrá ìwádìí George Gey

Ọ̀dọ̀ Dókítà George Gey ni ẹran náà lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Margaret, ti ń gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mú kí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn wà láàyè nínú ìgò. Àwọn olùwádìí ti rí i ṣe pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì eku ní àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ènìyàn a wà fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a sì kú. Mary Kubicek, olùrànlọ́wọ́ wọn, ni ó gé ẹran Henrietta sí wẹ́wẹ́, tí ó fi sínú oúnjẹ tí wọ́n pò fún un, tí ó sì kọ HeLa sára ìgò rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú níbi tí ara dá kú bí ìṣe rẹ̀. Ti jẹjẹrẹ kò kú. Iye rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí wákàtí 24, bí wọ́n sì ti ń pín in sí ìgò tuntun ni ó ń kún wọn. Báyìí ni ìran sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àkọ́kọ́ tí kò ní òpin ṣe dé ilé ayé. Gey kò tà á. Ó ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè láàrin àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó dé lẹ́yìn ni ó sọ ọ́ di ọjà.

Ikú àti ìsìnkú

Bí sẹ́ẹ̀lì náà ti ń gbilẹ̀ nínú ìgò ni àrùn náà ń gbilẹ̀ lára ẹni tí ó ni ín. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1951, ìrora ikùn pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun dúró sí ilé-ìwòsàn. Kò padà délé mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, ó sì fi ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan sílẹ̀. Ìlú Clover ni wọ́n gbé e lọ sin, nítòsí sàréè ìyá rẹ̀. Kò sí òkúta tí ó fi ojú orórì rẹ̀ hàn títí di ọdún 2010, nígbà tí Dókítà Roland Pattillo ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Morehouse fi ọ̀kan tọrẹ.

Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe

Ìgbà tí Henrietta kú ni àrùn rọpárọsẹ̀ ń da àwọn òbí láàmú ní Amẹ́ríkà. Jonas Salk ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, wọ́n sì nílò sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ láti fi dán agbára rẹ̀ wò. Fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ a máa tètè ran HeLa, èyí ni wọ́n fi yàn án. Ní ọdún 1953, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Tuskegee Institute ní Alabama láti máa pèsè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1955, Theodore Puck àti Philip Marcus lo HeLa láti fi hàn pé ẹyọ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo lè di odindi agbo sẹ́ẹ̀lì. Ní àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ Harald zur Hausen ní ilẹ̀ Jámánì rí fáírọ́ọ̀sì HPV-18 nínú HeLa, èyí tí ó hàn pé òun ni ó fa àrùn tí ó pa Henrietta. Ìwádìí zur Hausen lórí irú fáírọ́ọ̀sì yìí ni ó ṣí ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń fún àwọn ọmọbìnrin lónìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2008.

Orúkọ tí ó sọnù àti sẹ́ẹ̀lì tí ó da ilé rú

Ní gbogbo àsìkò yìí, aráyé kò mọ orúkọ obìnrin náà. Ohun tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn àti ìwé ẹ̀kọ́ ni Helen Lane tàbí Helen Larson. Orúkọ ẹlòmíràn ni ó ń gba ìyìn. Ní ọdún 1971, lẹ́yìn ikú Gey, ni Howard Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ Henrietta Lacks gan-an sínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi ṣe ìrántí Gey.

Àìmọ orúkọ ní èkejì nínú yàrá ìwádìí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1966, Stanley Gartler dìde níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì sọ ohun tí ó mi gbogbo wọn. Ó ti yẹ ẹ́ńsáímù kan tí wọ́n ń pè ní G6PD wò nínú oríṣiríṣi ìran sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yà kan nínú ẹ́ńsáímù yìí, ẹ̀yà A, wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, a kì í sì í sábà rí i lára aláwọ̀ funfun. Kò ṣàjèjì sí àwa náà: Lucio Luzzatto àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí G6PD ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Gartler rí ẹ̀yà A nínú ìran sẹ́ẹ̀lì 18 tí wọ́n gbà pé ó ti ara ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé HeLa ti wọ inú wọn. Ẹ̀kán tí ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ohun èlò ti tó. Bí HeLa bá bọ́ sínú ìgò mìíràn, a dàgbà yára ju onílé lọ, a sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó jẹ́ pé ẹni tí ó rò pé òun ń ṣe ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì ìfun tàbí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ilé-ọmọ Henrietta Lacks láìmọ̀. Owó àti ọdún púpọ̀ ti bá a lọ. Walter Nelson-Rees tẹ àkọsílẹ̀ àwọn ìran sẹ́ẹ̀lì tí ó ti dàrú jáde láti ọdún 1974, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bínú sí i. Lónìí, ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tí a mọ̀ sí ICLAC ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iye tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti ju 500 lọ.

Bí ìdílé rẹ̀ ṣe gbọ́

Ìdàrúdàpọ̀ yìí gan-an ni ó mú kí ìdílé Lacks gbọ́. Ní ọdún 1973, àwọn olùwádìí nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Henrietta kí wọ́n lè mọ àmì tí wọn yóò fi dá HeLa mọ̀ yàtọ̀. Ìgbà náà ni ó yé ìdílé yìí pé ohun kan lára ìyá wọn ṣì wà láàyè láti ọdún 22 sẹ́yìn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn láìṣe àlàyé tí ó tó. Deborah rò pé wọ́n ń wò bóyá òun náà ní àrùn tí ó pa ìyá òun ni. Bí wọ́n ti ń gbọ́ pé wọ́n ń ta HeLa, ó dùn wọ́n pé àwọn fúnra wọn kò rí owó ìlera san.

Ìwé tí Rebecca Skloot kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2010 ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí kan gbé àkọsílẹ̀ àbùdá HeLa jáde láìsọ fún ìdílé náà. Ariwo tí ó tẹ̀lé e mú kí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, bá wọn ṣe àdéhùn, àwọn méjì nínú ìdílé sì wọ ìgbìmọ̀ tí ó ń wo ẹni tí yóò rí àkọsílẹ̀ yẹn lò. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àmì ẹ̀yẹ dá Henrietta lọ́lá; Lawrence, àkọ́bí rẹ̀, ni ó gbà á. Ní ọdún 2023, àwọn àjogún rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher parí ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí títa HeLa ní ìtùnbí-ìnùbí.

Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí yóò yan sẹ́ẹ̀lì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ yan ìran sẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ àṣekágbá lè rí ìbéèrè mẹ́ta kọ́ nínú ìtàn yìí.

Èkíní ni pé, ǹjẹ́ sẹ́ẹ̀lì yìí bá ohun tí mo ń wá mu? Wíwà nítòsí tàbí gbígbajúmọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Kúrómósóòmù 46 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí ó dá. Nínú HeLa, ó tó 76 sí 80. Fáírọ́ọ̀sì HPV-18 tí ó wà nínú rẹ̀ sì máa ń ba p53 jẹ́, ìyẹn èròjà purotéènì tí ó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kí ó má baà di jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí p53 ṣe ń ṣiṣẹ́ lára tí ó dá kò gbọdọ̀ yan HeLa. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin fáírọ́ọ̀sì lè wo Vero, tí wọ́n mú lára kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1962. Kò lè pèsè interferon tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bá òun ṣe èròjà oògùn lè wo CHO, tí Puck mú lára irú eku kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1957. WI-38 tí Leonard Hayflick ṣe kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ní òpin: bí ó bá ti pín nǹkan bí ìgbà 50, a dáwọ́ dúró.

Èkejì ni pé, ǹjẹ́ orúkọ tí ó wà lára ìgò ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ibi ìpamọ́ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni kí a ti gbà á, kì í ṣe láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ sí ọwọ́ ọ̀rẹ́. Kí a wo àkọsílẹ̀ ICLAC, kí a ṣe àyẹ̀wò àmì àbùdá tí wọ́n ń pè ní STR, kí a sì wò ó bóyá kòkòrò mycoplasma ti wọ inú rẹ̀, nítorí a kì í rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù lásán.

Ẹ̀kẹta ni pé, ta ni ó ti ara rẹ̀ wá, ǹjẹ́ ó sì fi ọwọ́ sí i? Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀ lórí èyí. Nínú iṣẹ́ HapMap tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ìdílé Yorùbá 30 tí ó ní bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan ni a gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì sọ di ìran sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ibi ìpamọ́ Coriell ní New Jersey. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jíròrò, ẹni kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ sí i. Nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ wọn. NA18507, ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn, wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ lágbàáyé tí a tẹ odindi àkọsílẹ̀ àbùdá wọn jáde, ní ọdún 2008. Wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn olùlò pé Yorùbá ní Ìbàdàn ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kí wọ́n má ṣe sọ wọ́n di aṣojú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìgúnlẹ̀

A fi orúkọ Henrietta Lacks pa mọ́, a sì fi orúkọ ọkùnrin Ìbàdàn náà pa mọ́. Ọ̀kan kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí. Èkejì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí. Láàrin àwọn méjèèjì ni ohun tí ayé ìwádìí kọ́ ní àádọ́ta ọdún wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n gbé ère Henrietta kalẹ̀ ní Roanoke, ìlú tí a bí i sí. Ère kò lè dá ohun tí ó sọnù padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá di ìgò HeLa mú lọ́jọ́ kan, tí ó sì kọ ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó ni ín àti ìdí tí òun fi yàn án sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ti ṣe apá tirẹ̀.